Ilà tó padà yọ ní Chicago

Fọ́tò ni àbúrò mi kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kó tó pè. Agbádá gíní aláwọ̀ mílíìkì tí mo fọwọ́ ṣe ọnà sí láyà ni. Ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Chicago, àmọ́ ilà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ wà káàkiri ẹ̀gbẹ́ ọnà náà, bí ẹni pé ọmọdé rí bírò he.

"Àǹtí mi, ṣé bó ṣe rí nìyí nígbà tẹ́ ẹ dì í?"

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èmi fúnra mi ni mo lọ aṣọ náà, kò sí ẹyọ ilà kan lára rẹ̀. Ìgbà tó sọ pé inú búùtù mọ́tò ni àpótí náà sùn mọ́jú, nínú òtútù oṣù January, ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

Bírò tí iná ń pa ni mo fi ya ilà náà. Ọ̀bẹ mẹ́jọ, tí àwọn Hausa ń pè ní aska takwas, ni ọnà tó fẹ́. Ẹnu ọ̀bẹ wọ̀nyẹn gbọ́dọ̀ mú bákan náà, ṣọ́ọ̀kì sì nípọn jù fún un. Bírò yìí ń ya ilà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, tí áyọ́ọ̀nù bá sì kọjá lórí rẹ̀, ó pòórá. Odidi ọdún méjì ni mo fi lò ó n'Ìbàdàn láìsí wàhálà.

Mo mú àjákù gíní kan náà, mo ya ilà sí i, mo lọ̀ ọ́, ilà lọ. Mo wá tì í sínú fírísà Màámi, sáàárín ẹja. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ilà ti padà, ó pọ́n kedere.

"Ta ló fi àkísà sínú ẹja mi?"

Áyọ́ọ̀nù kì í mú yíǹkì yẹn kúrò. Tí ooru bá tó nǹkan bíi 60°C, àwọ̀ rẹ̀ á kàn fara pamọ́, àmọ́ yíǹkì ṣì wà nínú aṣọ. Tí òtútù bá wá lọ sílẹ̀ dé bíi -10°C, àwọ̀ á tún jáde. Ibo la ti fẹ́ rí irú òtútù bẹ́ẹ̀ n'Ìbàdàn, àfi nínú fírísà? Orí ìwé ni wọ́n sì ṣe é fún, kì í ṣe aṣọ.

Mo ní kí àbúrò mi lọ aṣọ náà, ilà sì pòórá lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì ti mọ ibi tó wà. Fífọ̀ ló lè gbé e kúrò, gíní tó bá sì ti wọ omi, dídán àti líle tí a tìtorí rẹ̀ rà á ti dínkù nìyẹn. Kò fẹ́ fọ̀ ọ́. Ó ń wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò kàn jẹ́ kó sùn nínú mọ́tò mọ́.

Láti ìgbà náà, ohun tí màá fi pa ilà ni mo ń kọ́kọ́ rò kí n tó mú ohun tí màá fi ya á. Tó bá jẹ́ kọ́tìnì tí a máa fọ̀, mo ń lo bírò búlúù tí omi ń pa. Omi tútù lásán ni mo fi ń pa á, láìsí ọṣẹ, mo sì ń ri gbogbo aṣọ sínú omi ni, torí tí mo bá kàn fi omi tọ́ ojú ibẹ̀, yíǹkì á sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tún yọ tó bá gbẹ. Ẹ má ṣe lọ̀ ọ́ kí ilà tó kúrò. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó di àwọ̀ ilẹ̀, kò sì lọ mọ́. Èyí tí atẹ́gùn ń pa kò bá mi lára mu: lásìkò òjò, ilà ti ń ṣá kí n tó ṣe ìdajì.

Ṣọ́ọ̀kì, mo máa ń fi ìka ra á wò. Tó bá ń yọ̀ bí àbẹ́là, mo dá a padà, torí áyọ́ọ̀nù lè yọ́ ọ sínú aṣọ, kó fi ojú epo sílẹ̀. Èyí tó ń dà bí ìyẹ̀fun ni mo ń rà.

Fún aṣọ dúdú, ọṣẹ ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń kó èérún ọṣẹ funfun tó ti tín-ín-rín jọ sínú agolo, mo sì máa ń rò pé ahun ló ń ṣe é. Èérún ọṣẹ yẹn ń ya ilà tó mú ju ṣọ́ọ̀kì lọ, aṣọ tútù díẹ̀ sì ti tó láti nù ún kúrò.

Gíní kejì tí mo ṣe fún àbúrò mi, n kò ya ohunkóhun sí i lára. Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wé bàtà tuntun ni mo ya ọ̀bẹ mẹ́jọ sí. Mo fi pẹ́ńsù ya á fẹ́ẹ́rẹ́, mo nu ojú rẹ̀ kí dúdú má bàa ran òwú, mo tákì í mọ́ aṣọ, mo sì ṣe ọnà gba orí bébà kọjá. Lẹ́yìn náà ni mo rọra ya bébà dànù. Àwọn èérún tó há sábẹ́ òwú, ẹ̀mú kékeré ni mo fi ṣà wọ́n, ó sì gbà mí ní odidi ìrọ̀lẹ́ kan.

Bírò tuntun kan tún ti wọ ilé báyìí, tí wọ́n ní òun yàtọ̀. Àjákù rẹ̀ wà nínú fírísà. Màámi ti gbà, àmọ́ ó ní kí n máa fi náílọ́ọ̀nù wé e, torí ẹja rẹ̀.