Hard disk kọ́ ló ń jẹ àkọsílẹ̀ owó mi

₦45,000 ni mo kó fún ẹni tó ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe, nítorí ó ní hard disk ti kú, òun ló fà á tí àkọsílẹ̀ owó ṣọ́ọ̀bù mi ní Under G nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ fi ń sọnù tí ilẹ̀ bá mọ́. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, wọ́n mú iná lọ, UPS (bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró fúngbà díẹ̀ tí iná bá lọ) ní kí kọ̀ǹpútà pa ara rẹ̀, àkọsílẹ̀ tún pòórá. Ọkùnrin náà ní kí n tún lọ ra memory. Inú bí mi débi pé mo ní kó máa lọ.

Linux tó ń lo systemd (ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, tó sì ń dá a dúró) ló wà lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Script kan (àwọn àṣẹ tí a kọ sínú fáìlì) wà nínú service wa, ìyẹn iṣẹ́ tó ń lọ lábẹ́lẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà: tí service bá fẹ́ dúró, á kọ́kọ́ fi àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó tó wá kọ ọ́ sínú disk. Bí wọ́n ṣe ń ṣe service kò le, mi ò ní sọ ọ́ níbí.

Ohun tó dá mi lágara ni pé, tí mo bá fọwọ́ ara mi tẹ systemctl stop, àṣẹ tó ń dá service dúró, gbogbo rẹ̀ á lọ geere. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún lọ geere. Àfi tí kọ̀ǹpútà bá ń pa ara rẹ̀ ni nǹkan ń bàjẹ́. Ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún tó máa gbà mí gbọ́?

journalctl -b -1, àṣẹ tó ń ka journal (àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà) ti ìgbà tó tàn ṣáájú èyí, ló tú àṣírí: "Stopping timed out. Terminating." ExecStop kan náà, ìyẹn ìlà tó ń pe script wa, ni systemd ń pè, ìbáà ṣe èmi ni mo dá service dúró, ìbáà ṣe kọ̀ǹpútà ló fẹ́ kú, kì í sì í sọ èwo ni fún script. Tó bá jẹ́ èmi, íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà, wọ́n ti ń pa íntánẹ́ẹ̀tì náà pọ̀ mọ́ ọn. Ni script á bá máa retí, bí ẹni tó jókòó de mọ́tò Ìlọrin ní gáréèjì tí wọ́n ti tì pa. Tí ìṣẹ́jú àáyá 90 bá pé, systemd á dá a dúró tipátipá, kò sì tíì kọ nǹkan kan sínú disk.

Mo fi After=network.target sínú fáìlì service wa, kó lè máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ohun tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ni systemd máa ń kọ́kọ́ dá dúró, nítorí náà service wa á ti parí kí íntánẹ́ẹ̀tì tó lọ. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí máa ń fà lálẹ́. Mo bá ní kí script kọ́kọ́ bi systemctl is-system-running, àṣẹ tó ń sọ ipò tí kọ̀ǹpútà wà, léèrè. Tó bá dáhùn pé "stopping", ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ti ń kú lọ, kó kọ àkọsílẹ̀ sínú disk kíá, kó dúró síbẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà bá tún tàn, kó wá fi ránṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́! Mi ò kàwé kọ̀ǹpútà, ọwọ́ mi ni mo fi tú u.

Ẹ má fi systemctl stop nìkan dán script yín wò. Ẹ pa kọ̀ǹpútà pátápátá, kẹ́ ẹ tan án, kẹ́ ẹ ka journal kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ẹ rí i pé fóldà /var/log/journal wà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohun tí journal kọ lè pòórá bí kọ̀ǹpútà bá ti kú. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ fi kún TimeoutStopSec, ìyẹn iye àkókò tí systemd fi ń dúró de service kó tó dá a dúró tipátipá. Èmi ò gbà. Bátìrì UPS kì í dúró de ẹnikẹ́ni.