Bí mo ṣe mú bougainvillea gun ògiri mi

Òdòdó lọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń wò tí wọ́n bá fẹ́ gbin nǹkan tó ń gun ògiri, ṣùgbọ́n bó ṣe ń gùn lèmi kọ́kọ́ wò o, torí ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ivy máa ń fi gbòǹgbò kéékèèké lẹ̀ mọ́ ògiri fúnra ẹ̀, kò bá yín wá wáyà, àmọ́ tí símẹ́ńtì ara ògiri bá ti ń bọ́, ẹ yáa gbàgbé ẹ̀. Passion fruit ní ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wé mọ́ okùn tàbí wáyà, òpó tó bá nípọn ò ṣeé dì mú fún un. Bougainvillea ní tiẹ̀ ò ní ọwọ́ kankan, ẹ̀gún ló fi ń há, ẹni tó gbìn ín ló máa so ó.

Òun náà ni mo ṣáà mú, torí oòrùn kì í kúrò lára ògiri yẹn.

Mo gbá ìṣó gígùn, mo na wáyà sórí ẹ̀ ní ìbú, mo jẹ́ kó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 5 jìnnà sí ògiri kí atẹ́gùn lè ráyè kọjá. Ihò tí mo gbẹ́, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 sí ògiri ni, torí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ìdí ògiri, yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ máa ń gbẹ táútáú. Mo fi bíléèdì la ọ̀rá tí igi náà wà nínú ẹ̀, mi ò gbọn yẹ̀pẹ̀ ìdí ẹ̀ dànù, bougainvillea kì í fẹ́ kí wọ́n da gbòǹgbò òun láàmú.

Ibi tó dùn jù nìyí: ẹ̀ka tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ kó lọ sókè tààrà, orí ẹ̀ nìkan ló máa gbádùn, torí ó ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní auxin tó ń ti orí ẹ̀ka wá tó sì ń dá àwọn ojú ẹ̀yìn ẹ̀, ibi tí ẹ̀ka tuntun ti ń yọ, dúró. Mo wá rọra tẹ àwọn ẹ̀ka náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo fi àkísà rírọ̀ so wọ́n mọ́ wáyà, mi ò fún un le. Bí wọ́n ṣe sùn báyìí làwọn ojú yẹn ń rú, ẹ̀ka kéékèèké yọ káàkiri, òdòdó sì tẹ̀ lé e. Àbí kí n má pè é lódòdó, tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn, ewé ni pupa yẹn, mẹ́ta-mẹ́ta, òdòdó gangan ni funfun bíńtín tó wà láàárín.

Ẹ má bomi jù, ẹ má sì da ajílẹ̀ lé e ṣáá, ewé nìkan lẹ máa rí. Tó bá ti tanná tán ni mo máa ń gé e, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó nípọn o, ẹ̀gún yẹn ò mojú olówó ẹ̀.