Ẹ yé fi owó ṣòfò lórí búlọ́ọ̀gù MongoDB: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa n'Íjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù tí ẹ ń fi Node (ohun tí ń mú kóòdù JavaScript ṣiṣẹ́) àti MongoDB (dátábéèsì, ibi tí à ń kó dátà sí) kọ́ búlọ́ọ̀gù, ọ̀rọ̀ yín ń bí mi nínú. Owó dátà, owó epo jẹnẹrétọ̀, àṣìṣe kan náà ló ń gbé e jẹ.

Èkíní, ẹ má ra sáfà nígbà tí ẹ ò tíì ní òǹkàwé. Atlas, ibi tí àwọn tó ni MongoDB ti ń bá èèyàn gbé dátábéèsì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń fún yín ní àyè MB 512 lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ lásán kì í tètè kún un.

Èkejì, pásíwọ́ọ̀dù dátábéèsì yín, inú `.env` (fáìlì tí à ń kọ àṣírí sí) ni kó wà. Ẹ kọ `.env` sínú `.gitignore` (fáìlì tí à ń to orúkọ ohun tí a kò ní gbé jáde sí) kí ẹ tó gbé kóòdù lọ sórí GitHub, ibi tí àwọn èèyàn ń kó kóòdù sí.

Ẹ̀kẹta ló ń ká mi lára jù. Wọ́n ní MongoDB ń gba gbogbo nǹkan, ẹ wá ń ki dọ́kúmẹ́ǹtì kan (àkọsílẹ̀ ẹyọ kan nínú dátábéèsì) bí ẹni ń ki gààrí sápò. Ọmọkùnrin kan kọ̀wé nípa àwọn ẹlẹ́ṣin àti régbérégbé ní Ojúde Ọba. Ó sọ fọ́tò kọ̀ọ̀kan di base64 (fọ́tò tí a sọ di lẹ́tà àti nọ́ńbà), ó kó gbogbo wọn àti kọ́mẹ́ǹtì àwọn èèyàn sínú dọ́kúmẹ́ǹtì kan ṣoṣo. Ó yá, dátábéèsì kọ̀, kò gba fọ́tò mọ́. “Ẹ̀gbọ́n, mo ti ra dátà tuntun, síbẹ̀ kò gbà.” Dátà kọ́! MB 16 ni òpin dọ́kúmẹ́ǹtì kan, base64 a sì máa fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún ìwọ̀n fọ́tò. Ẹni tó bá ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́ láti wo àkọlé lásán, `find()` (àṣẹ tí ń wá dọ́kúmẹ́ǹtì jáde) ń kó gbogbo fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí i. Owó ta ni?

Ẹ gbé fọ́tò sí ibi ìkófáìlì-sí, àdírẹ́sì rẹ̀ nìkan ni kí ẹ kọ sínú dọ́kúmẹ́ǹtì. Kí kọ́mẹ́ǹtì ní kọlẹ́ṣàn (àkójọ dọ́kúmẹ́ǹtì) tirẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní `postId` (àmì tó ń sọ àpilẹ̀kọ tí ó jẹ́ tirẹ̀), kí ẹ sì ṣe index (atọ́ka tí ń mú ìwákiri yá) lórí `postId` náà. Tags (ọ̀rọ̀ tí à ń fi pín àpilẹ̀kọ sí ìsọ̀rí) kò pọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà nínú dọ́kúmẹ́ǹtì àpilẹ̀kọ náà.

Nínú ètò Atlas, ẹ má fi `0.0.0.0/0` (ó túmọ̀ sí pé ibikíbi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni èèyàn ti lè kan dátábéèsì yín) sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2017, àwọn olè wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dátábéèsì MongoDB tí kò ní pásíwọ́ọ̀dù, wọ́n pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, wọ́n ní kí olóhun wá san owó ìtúsílẹ̀.

Ọjọ́ náà ńkọ́? `Date`, irú dátà tó wà fún ọjọ́, ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀, tí ẹ ní kí tuntun ṣáájú, “9/6/2025” ni yóò ṣáájú “10/6/2025”, torí àmì àkọ́kọ́ ni yóò fi wé ara wọn, 9 sì ju 1 lọ.

Atlas ọ̀fẹ́ kì í bá yín ṣe bákúọ̀pù (ẹ̀dà ìpamọ́). Ẹ máa fi `mongodump` (irinṣẹ́ tí ń da dátábéèsì kọ) ṣe é fúnra yín, kí ẹ sì gbé ẹ̀dà náà síbòmíràn yàtọ̀ sí láptọ́ọ̀pù tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́.