Ìdámẹ́wàá nìkan kọ́ ni ti Ọlọ́run: àṣìṣe táwa Kristẹni ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ owó

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn san ìdámẹ́wàá tán kó wá gbà pé èyí tó kù ti di tòun pátápátá, bó bá ṣe wu òun lòun máa ná an. Rárá o, ìríjú la jẹ́, ohun Ọlọ́run là ń bá a bójú tó. Ẹ wo Mátíù 25, ẹni tó gba tálẹ́ńtì márùn-ún, ìyẹn owó tí ọ̀gá ẹ̀ fi síkàáwọ́ ẹ̀, ṣé ó yọ díẹ̀ fún ọ̀gá ẹ̀ kó wá fèyí tó kù jayé ni? Gbogbo ẹ̀ ló fi ṣòwò, gbogbo ẹ̀ náà ló jíhìn lé lórí.

Èkejì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yé fi Fílípì 4:13 ra mọ́tò. “Èmi lè ṣe ohun gbogbo nínú Kristi” yẹn, a ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà, a ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn dáńfó, tẹ́nì kan bá fẹ́ ra nǹkan tápá ẹ̀ ò ká ó ti ń ké e, bẹ́ẹ̀ sì rèé inú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù wà tó fi kọ lẹ́tà yẹn, ẹsẹ tó ṣáájú ẹ̀ gan-an ló ti ní òun ti kọ́ béèyàn ṣe ń yó àti béèyàn ṣe ń fara da ebi. Ebi wà nínú “ohun gbogbo” yẹn o!

Èyí tó ń dùn mí jù ni gbèsè nítorí ìkórè. Ẹgbẹ́ á mú léèsì, wọ́n á ní dandan ni, gèlè ọ̀tọ̀, bàtà ọ̀tọ̀, màmá tó ń ta ata á wá lọ yá lóọ̀nù orí fóònù, irú èyí tó jẹ́ pé tí ọjọ́ bá pé tí ò tíì san án, wọ́n á máa tẹ mẹ́sẹ́èjì sí gbogbo èèyàn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù ẹ̀, títí kan pásítọ̀ tó gbàdúrà sí aṣọ náà. 1 Tímótì 6:8 ní ká jẹ́ kí oúnjẹ àti aṣọ tẹ́ wa lọ́rùn, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ní kí aṣọ ọ̀hún jẹ́ tọdún yìí. Ṣé funfun tó wà nílé ò ṣe é wọ̀ ni? Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ọwọ́ yín lọ̀rọ̀ yìí wà, kì í ṣe ọwọ́ màmá aláta.

Àwọn tówó ń wọlé fún náà ní tiwọn, owó oṣù lé díẹ̀, ìnáwó náà ti fò sókè. John Wesley tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀, nígbà tó ń gba 30 pọ́n-ùn lọ́dún, 28 ló ń ná, owó ẹ̀ di 60, ó di 90, ó di 120, 28 yẹn náà ló ń ná, ó ń fi yòókù ta àwọn aláìní lọ́rẹ. (Mo mọ̀, kò sí school fees ọmọ lọ́rùn ẹ̀.)

Ẹ má sì wàásù ìtẹ́lọ́rùn fẹ́ni tẹ́ ẹ jẹ lówó. Jákọ́bù 5:4 ní owó iṣẹ́ tí wọn ò san ń ké. Tí dírẹ́bà yín bá ń bèèrè owó oṣù tó kọjá, kì í ṣe ojúkòkòrò, ẹ sanwó fún un kó tó di Sunday.