Tábìlì àti àga ìjẹun níta: ohun tó yẹ kẹ́ẹ wò kẹ́ẹ tó náwó

Kẹ́ẹ tó lọ bá káfíńtà, kẹ́ẹ tó wọ ṣọ́ọ̀bù kankan n'Ílọrin, ẹ kọ́kọ́ jáde sí kọ́ḿpáùǹdù yín ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kẹ́ẹ wo ibi tí òjìji ilé bọ́ sí. Ibẹ̀ ni tábìlì yín máa wà. Nílé tó pọ̀, ìhà ìlà-oòrùn ni, torí oòrùn ti rọ́ sí ẹ̀yìn ilé nígbà yẹn, ògiri ti dí i, ilẹ̀ ti ń tutù díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ẹ bá gbé e sí ìhà ìwọ̀-oòrùn torí pé ibẹ̀ ló láyè, ẹ kàn máa máa wò ó ni, pàápàá lóṣù kẹta tí ooru ìlú wa yìí kì í ṣe kékeré, ta ló fẹ́ jókòó síbẹ̀ jẹ àmàlà gbígbóná kílẹ̀ tó ṣú?

Àmọ́ ìhà ìlà-oòrùn yẹn náà níṣòro tiẹ̀ o. Ìjì tó máa ń ṣáájú òjò lọ́dọ̀ wa, láti ìlà-oòrùn ló sábà máa ń fẹ́ wá, yálà Tánkẹ̀ lẹ wà tàbí Ọ̀fà, tó bá sì dé, àga rọ́bà fẹ́ẹ́rẹ́ á gbéra lọ sílé aládùúgbò, àǹbùrẹ́là ńlá á dojú dé. Tó bá jẹ́ àǹbùrẹ́là lẹ fẹ́ fi ṣe òjìji, ìdí ẹ̀ ni kẹ́ẹ wò kẹ́ẹ tó wo àwọ̀ ẹ̀, kó jẹ́ kọnkéré tàbí irin tó wúwo dáadáa, kẹ́ẹ sì máa pa á dé ní gbàrà tójú ọ̀run bá ti ṣú. Lójú tèmi igi ló dáa jù. Dóńgóyárò tó ti gbó, ẹ ò nílò nǹkan míì. Máńgòrò náà ń ṣíji bo èèyàn, ṣùgbọ́n tí àkókò ẹ̀ bá dé á máa já lu abọ́ ọbẹ̀, ẹyẹ náà á sì máa yàgbẹ́ sórí tábìlì, ẹ mọ ìyẹn sọ́kàn.

Ó wá kan iye èèyàn. Ẹ má ka àwọn tó ń gbé inú ilé nìkan, ẹ ka àwọn tó máa ń wá bá yín ṣínu lóṣù Ràmàdáánì, ẹ ka àwọn àbúrò tó ń ti Èkó bọ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Ẹnì kan nílò nǹkan bí íǹṣì 24 lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kí ìgúnpá má bàa máa gbá ìgúnpá, nítorí náà tábìlì ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn àti 3 ní fífẹ̀ á gba èèyàn mẹ́ta mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àti ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí méjèèjì, mẹ́jọ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kó tín-ín-rín ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí oúnjẹ tiwa kì í ṣe àwo kan ṣoṣo, omi ìfọwọ́ ń bẹ níbẹ̀, abọ́ gbẹ̀gìrì ń bẹ níbẹ̀, jọ́ọ̀gì omi, wàrà tẹ́ẹ dín. Kẹ́ẹ sì fi ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀ lẹ́yìn àga yíká, kí ẹni tó ń gbé ọbẹ̀ gbígbóná bọ̀ lè rí ibi kọjá láì dà á sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn.

Gíga tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni íǹṣì 30 fún tábìlì àti 18 fún ìjókòó. Èmi máa ń sọ pé kí wọ́n dín tábìlì kù sí 29 fún ilé tó ń jẹ òkèlè, torí ẹni tó ń fọwọ́ jẹun fẹ́ kí abọ́ wà nísàlẹ̀ díẹ̀. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ni àlàfo láàárín ìjókòó àti ìsàlẹ̀ pákó tábìlì, tí kò bá tó íǹṣì 10, orúnkún àgbàlagbà ò ní wọlé.

Kò sì sófin pé gbogbo àga gbọ́dọ̀ jọra. Bàbá àgbà àti ìyá àgbà, àga tó ní ẹ̀yìn tó sì ní apá, apá tó le, torí òun ni wọ́n máa dì mú láti dìde, ìjókòó ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ jù. Àwọn ọmọ, ẹ ṣe bẹ́ńṣì fún wọn, bẹ́ńṣì ẹsẹ̀ bàtà 5 máa gba ọmọ mẹ́rin, tẹ́ẹ bá sì jẹun tán ó máa wọ abẹ́ tábìlì. Àwọn tó bá fẹ́ràn ẹní, ẹ tẹ́ ẹní fún wọn, ẹ má torí tábìlì tuntun fa ẹní ya mọ́ ìyá yín nídìí.

Kí la máa fi ṣe é gan-an? Ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀ níbí: pákó gidi lórí, irin nísàlẹ̀. Ikán ò lè jẹ irin, pákó sì ṣeé gbọ́wọ́ lé lọ́sàn-án, torí orí tábìlì onírin máa gbóná débi pé ọmọdé á sunkún. Ìrókò, apá àti tíìkì ló ń fara da ìta. Tẹ́ẹ bá dé sọ́míìlì, ẹ má jẹ́ kí orúkọ igi tan yín, ẹ wo ojú pákó náà. Àárín igi, apá ibi tó dúdú tàbí tó pọ́n, ibẹ̀ ló le, funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, ìrókò ni ìrókò ń jẹ́ o, ikán á jẹ ẹ́. Tíìkì kékeré tí wọ́n gé kó tó gbó, funfun yẹn ló máa ń pọ̀ jù lára ẹ̀. Ẹ gbé pákó méjì tí wọ́n jọ gùn bákan náà, tọ́kan bá wúwo ju èkejì lọ gan-an, ó ṣeé ṣe kí omi ṣì wà lára ẹ̀, ẹ fi èékánná tẹ ibi tí wọ́n gé, tó bá tutù ẹ fi í sílẹ̀. Pákó tútù tí wọ́n bá kàn lóṣù kẹjọ, tí ọyẹ́ bá dé lóṣù Kejìlá, á sún kì, á là, ìṣó á máa yọrí jáde. Arẹ̀rẹ̀ tó funfun tó fúyẹ́, ó dáa fún iṣẹ́ inú ilé, kì í ṣe ti ìta. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́. Òjò kan péré á wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì.

Ẹ ní kí káfíńtà má so pákó orí ẹ̀ pọ̀ dè, kó fi àlàfo bíi mílímítà 5 sílẹ̀ láàárín wọn kómi lè máa ro sílẹ̀, kó sì lo sikúrúù tí kì í dógùn-ún dípò ìṣó. Fánìṣì tí wọ́n ṣe fún ìta ni kó fi kùn ún, ti inú ilé á bó. Àwọn kan máa ń fi ọ́ìlì ẹ́ńjíìnì tí wọ́n ti lò kun igi nítorí ikán, kò burú fún òpó fẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n tábìlì tí ọmọ ń gbé òkèlè lé, kò bójú mu rárá.

Lọ́dọ̀ wẹ́ldà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kẹ́ẹ wo abẹ́. Ojú jíjó tó dáa yí ibi tí irin méjì ti pàdé po, kì í ṣe kó kàn fi iná fọwọ́ bà á níbì kan méjì. Ẹ wo ẹnu páìpù lẹ́sẹ̀, tó bá ṣí sílẹ̀, omi á wọlé, á sì máa jẹ ẹ́ láti inú wá láìjẹ́ pé ẹ rí i, ẹ ní kó dí i pa. Kó fi ọ̀dà pupa, réd-ọ́ksáìdì, kùn ún kó tó fi ọ̀dà tẹ́ẹ fẹ́ lé e. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ lásán lẹ fẹ́ gbé e sí, ẹ fi táìlì tàbí kọnkéré pẹlẹbẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó má bàa rì.

Àga rọ́bà ò burú fún àlejò, ó rọrùn láti kó jọ, ṣùgbọ́n oòrùn ń pa á, tó bá ti ń ṣe ẹfun funfun lójú, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó sanra jókòó lé e mọ́. Àwọn tó dà bíi pé wọ́n hun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, rọ́bà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ béèrè irin inú ẹ̀, álúmíníọ̀mù ni kẹ́ẹ mú. Gíláàsì, pẹ̀lú ọmọdé nílé, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀.

Ẹ má san owó tó kù fún oníṣẹ́ títí wọ́n á fi gbé e dé ọ̀dọ̀ yín tẹ́ẹ sì jókòó ti gbogbo àga lọ́kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ẹ tún fánìṣì kùn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ̀yìn ọyẹ́ ló dáa jù, igi ti gbẹ, òjò oṣù kẹrin ò sì tíì bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ẹ bá máa fi tapólì bò ó nígbà òjò, ẹ má dì í mọ́lẹ̀ típẹ́típẹ́, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa wọ abẹ́ ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èébu á mú un.