Páálí inú tíṣù ni kí ẹ fi wọn ohun ìṣeré ọmọ

Ẹ má ṣe ju páálí roboto tí wọ́n ká tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ nù: ohunkóhun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, ìbáà ṣe kọ́ìnì, bọ́tìnnì tàbí ìdérí bírò, kò yẹ kí ó wà níbi tí ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 lè tó, nítorí pé ọ̀nà èémí rẹ̀ tín-ín-rín, ẹnu ni ó sì fi ń yẹ gbogbo nǹkan wò. Ẹ kọ́kọ́ fa ojú bèbí àti táyà ọkọ̀ ìṣeré dáadáa. Èyí tó bá yọ ni kí ẹ wọ̀n. Àmọ́ òṣùwọ̀n yìí kò wúlò fún bàlúùnù, torí àjákù rẹ̀ rọ̀, ó sì lè lẹ̀ mọ́ ọ̀fun pátápátá. Ńṣe ni kí ẹ ṣà á kúrò nílẹ̀ ní gbàrà tó bá ti bẹ́.