Bí A Ṣe Ń Dá Irú Ìdènà Énsáìmù Mọ̀ Láti Inú Ìyára Iṣẹ́ Rẹ̀

Kí a tó lè sọ ọ̀nà tí èròjà kan ń gbà dí énsáìmù (èròjà inú ohun alààyè tó ń mú kí ìyípadà kẹ́míkà yá) lọ́wọ́, a ní láti wọn ìyára iṣẹ́ énsáìmù náà ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kí substrate (èròjà tí énsáìmù ń ṣiṣẹ́ lé lórí) tó dínkù, ní oríṣiríṣi ìwọ̀n substrate, láìsí adènà (èròjà tó ń dí énsáìmù lọ́wọ́) lákọ̀ọ́kọ́, kí a sì tún un ṣe pẹ̀lú ìwọ̀n adènà méjì, ó kéré tán. Kí ìwọ̀n substrate bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ìdajì Km (ìwọ̀n substrate tí ìyára fi ń jẹ́ ìdajì èyí tó ga jù), kí ó sì dé ìlọ́po márùn-ún rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ Km, Vmax (ìyára tó ga jù tí énsáìmù lè dé) tí ẹ bá rí kò ṣeé gbára lé.

Ẹ ṣírò Vmax àti Km fún ìwọ̀n adènà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wo èyí tó yí padà. Bí Vmax kò bá yẹ̀, tí Km sì lọ sókè, competitive ni: adènà àti substrate ń du ojú ibi kan náà lára énsáìmù, ìdí nìyẹn tí substrate fi lè borí adènà bí ó bá pọ̀ tó. Bí malonate ṣe ń dí succinate dehydrogenase lọ́wọ́ nìyẹn, nítorí ó jọ succinate. Ká ní Km jẹ́ 2 mM (millimolar, òṣùwọ̀n bí èròjà ṣe pọ̀ tó nínú omi), tí 5 mM adènà sì sọ ọ́ di 6 mM, ìlọ́po mẹ́ta yìí ni 1 + [I]/Ki ([I] ni ìwọ̀n adènà; Ki ń fi bí adènà ṣe ń so mọ́ énsáìmù tó hàn, bó bá ṣe kéré tó ni ó ṣe ń so mọ́ ọn tó), nítorí náà Ki jẹ́ 2.5 mM.

Bí Vmax àti Km bá jọ lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, uncompetitive ni. Énsáìmù tí substrate ti so mọ́ nìkan ni adènà ń mú. Bí Vmax nìkan bá lọ sílẹ̀, noncompetitive ni, ṣùgbọ́n ojúlówó rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Mixed ni èyí tí Vmax ti lọ sílẹ̀ tí Km náà sì yí padà, láìjẹ́ pé wọ́n jọ lọ sílẹ̀ dọ́gba.

Lórí gíráàfù tí Lineweaver àti Burk gbé jáde ní 1934, èyí tó ń fi 1/v hàn lórí 1/[S] (v ni ìyára, [S] sì ni ìwọ̀n substrate), àwọn ìlà competitive máa ń pàdé lórí ìlà òòró, ti noncompetitive lórí ìlà ìbú, ti uncompetitive kì í pàdé rárá, ti mixed sì ń pàdé níbòmíràn lápá òsì ìlà òòró. Àwòrán yìí dára fún àfihàn, ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi ṣírò, torí pé ìyára tó kéré jù, tí àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù, ló ń darí ìlà náà. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá àbájáde náà mu mọ́ ìlà Michaelis-Menten, èyí tó ń fi bí ìyára ṣe ń yí padà pẹ̀lú ìwọ̀n substrate hàn, tààrà.

Ẹ ṣọ́ra fún adènà tí kì í tú lára énsáìmù mọ́. Òun náà ń dín Vmax kù láìfọwọ́ kan Km, a sì lè ṣì í pè ní noncompetitive. Ẹ po énsáìmù pọ̀ mọ́ adènà fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì fi omi tí substrate wà nínú rẹ̀ là á ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá padà bọ̀ sípò, a jẹ́ pé adènà náà ń tú.